Ta ni baba òfin yìí? Bí ìdájọ́ ilé ẹjọ́ ṣe ń yí òfin ìbọn àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà padà

Ní ọdún 2013, obìnrin kan láti Philadelphia, ìyá ọlọ́mọ méjì, wa ọkọ̀ rẹ̀ bọ́ sí ìpínlẹ̀ New Jersey. Ọlọ́pàá dá a dúró lójú títì. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún ọlọ́pàá náà pé ìbọn wà lọ́wọ́ òun àti pé òun ní ìwé àṣẹ. Ìwé náà kì í ṣe ayédèrú, ìpínlẹ̀ Pennsylvania ló fún un. Àmọ́ ní New Jersey, ìwé Pennsylvania kò wúlò ju bébà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà lọ. Wọ́n mú un, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún gbọọrọ ni wọ́n sì fẹ́ fi í sí. Ọdún 2015 ni Chris Christie, gómìnà New Jersey ìgbà náà, tó dárí jì í.

Ẹni tó bá ti Nàìjíríà dé Amẹ́ríkà, irú nǹkan báyìí máa ń yà á lẹ́nu. Lọ́dọ̀ tiwa, ìwé òfin ọdún 1999 kó ọ̀rọ̀ ohun ìjà àti ọta sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nìkan, ìpínlẹ̀ kankan kò lẹ́nu níbẹ̀. Àní ṣakabùlà tí ọdẹ fi ń pa ẹtu, òfin àpapọ̀ ti ọdún 1959 ló ń darí rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí Rótìmí Akérédolú, gómìnà Oǹdó nígbà ayé rẹ̀, fi pariwo títí ní ọdún 2022, lẹ́yìn tí àwọn agbébọn ya wọ ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀wọ̀, pé kí wọ́n jẹ́ kí Àmọ̀tẹ́kùn gbé ìbọn tó ju ti ọdẹ lọ, tí Àbújá sì fèsì pé ìpínlẹ̀ kò láṣẹ bẹ́ẹ̀.

Amẹ́ríkà gba ọ̀nà mìíràn. Òfin àpapọ̀ wà níbẹ̀ lóòótọ́: ó dárúkọ àwọn tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìbọn, ó sì ní kí oníṣòwò ìbọn kọ́kọ́ yẹ ìtàn oníbàárà wò kó tó tà á fún un. Ṣùgbọ́n ta ló lè gbé e jáde, ibo ló lè gbé e dé, irú èwo ni wọ́n lè tà, ọta mélòó ló lè wà nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà? Ìpínlẹ̀ 50 ló ń dáhùn, ìdáhùn wọn kò sì dọ́gba. Ní Texas, láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021, ẹni tó ti pé ọmọ ọdún 21 tí òfin kò sì dí lọ́wọ́ lè fi ìbọn pélébé há ìbàdí láìgba ìwé àṣẹ kankan. Ẹni tó bá dán irú rẹ̀ wò ní New York, ọ̀nà ẹ̀wọ̀n ló ń tọ̀.

Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ló wà lókè gbogbo òfin ìpínlẹ̀ wọ̀nyí, adájọ́ mẹ́sàn-án tó wà ní Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington ló sì ń sọ ohun tí ìwé náà wí. Láti ọdún 2008 ni ohun tí wọ́n ń sọ ti yàtọ̀ sí ti àwọn tó ṣáájú wọn, ibẹ̀ sì ni wàhálà àwọn ìpínlẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni gbogbo ìjà yìí dá lé. Ọ̀rọ̀ 27 ni lédè Gẹ̀ẹ́sì, ọdún 1791 ni wọ́n fi kún ìwé òfin, wọ́n sì ń pè é ní Àtúnṣe Kejì. Apá àkọ́kọ́ rẹ̀ sọ pé ẹgbẹ́ ọmọ ogun ará ìlú tó wà létòlétò ṣe pàtàkì fún ààbò ìpínlẹ̀ tó wà lómìnira. Apá kejì sọ pé ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn láti ní ohun ìjà àti láti gbé e, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́ lójú. Ṣé apá àkọ́kọ́ ló ń darí apá kejì ni, tó fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun ìlú nìkan ni? Tàbí ìfáárà lásán ni, tí ẹ̀tọ́ náà sì jẹ́ ti ẹni kọ̀ọ̀kan nínú ilé rẹ̀? Ní ọdún 1939, nínú ẹjọ́ kan lórí ìbọn tí wọ́n gé ẹnu rẹ̀ kúrú, ilé ẹjọ́ wo ìtumọ̀ àkọ́kọ́ yẹn, ó ní kò sí ẹ̀rí pé irú ìbọn bẹ́ẹ̀ wúlò fún ẹgbẹ́ ọmọ ogun. Ọ̀rọ̀ náà sì sùn síbẹ̀ fún nǹkan bí 70 ọdún.

Dick Heller ló jí i. Ẹ̀ṣọ́ ni ní ìlú Washington. Ìbọn ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, ilé ìjọba ló fi ń ṣọ́, ṣùgbọ́n tó bá di ìrọ̀lẹ́ kò gbọdọ̀ ní ìbọn pélébé nínú ilé ara rẹ̀, nítorí òfin ìlú náà ti ọdún 1976 kò gbà á láàyè. Ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 2008, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án gbè é lẹ́yìn. Antonin Scalia ló kọ ìdájọ́ náà: ẹ̀tọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan ni, kókó rẹ̀ sì ni kí ènìyàn lè dáàbò bo ara rẹ̀ nínú ilé. Scalia kò fi ẹṣin náà sílẹ̀ láìsí ìjánu, ó ní òun kò fọwọ́ kan òfin tó ní kí ọ̀daràn tàbí ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ kò pé má ní ìbọn, tàbí èyí tó lé ìbọn jìnnà sí ilé ìwé àti ilé ìjọba. Gbólóhùn díẹ̀ yẹn ni gbogbo agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ ti ń fi ṣe òpó tí wọ́n ń dì mú láti ìgbà náà.

Ìlú Washington tí Heller ń gbé kì í ṣe ìpínlẹ̀. Àtúnṣe Kejì, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìjọba àpapọ̀ nìkan ló dè. Kí ó tó lè de ìpínlẹ̀, ẹlòmíràn ní láti gbé ẹjọ́ wá, ẹni tó sì gbé e wá yẹ kí Yorùbá mọ orúkọ rẹ̀. Otis McDonald, bàbá àgbà aláwọ̀ dúdú tó ti lé ní ẹni 70 ọdún, ni wọ́n bí ní Gúúsù, tó wá ṣiṣẹ́ ní Chicago. Olè ń fọ́ ilé rẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ ajìgboògùn ń dẹ́rù bà á ládùúgbò, òfin Chicago ti ọdún 1982 kò sì jẹ́ kó ra ìbọn pélébé. Ní ọdún 2010 ó borí, márùn-ún sí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kan sí i.

Ọ̀nà tí wọ́n gbà dé ibẹ̀ ṣe kókó. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, nígbà tí wọ́n dá àwọn ẹrú sílẹ̀ ní Gúúsù, àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣe òfin lọ́tọ̀ fún àwọn ènìyàn dúdú: ẹ kò gbọdọ̀ ṣe èyí, ẹ kò gbọdọ̀ rìn níbẹ̀ yẹn, ẹ kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Ẹni tí a gba ìbọn rẹ̀, tí àwọn tó ń dáná sun ilé rẹ̀ lóru sì ní tiwọn, ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa já sí. Ọ̀kan nínú ohun tí Àtúnṣe Kẹrìnlá ti ọdún 1868 wá ṣe ni pé kí ìpínlẹ̀ má lè ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni ilé ẹjọ́ fi sọ pé Àtúnṣe Kejì de Chicago, ó de Illinois, ó de ìpínlẹ̀ gbogbo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin àwọn ènìyàn dúdú yẹn sọ́kàn, yóò padà wá nísàlẹ̀ lọ́nà tí ẹnikẹ́ni kò retí.

Èèyàn lè rò pé láti ọdún 2010 òfin ìbọn ti bẹ̀rẹ̀ sí í wó káàkiri. Rárá o. Illinois, tó kọ̀ pátápátá pé kí ará ìlú máa gbé ìbọn kiri, ni ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá lẹ́kun ní ọdún 2012, tó sì ṣe òfin tuntun ní ọdún 2013. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú òfin àwọn ìpínlẹ̀ yòókù dúró. Ìdí ni pé àwọn adájọ́ ìsàlẹ̀ ní òṣùwọ̀n kan tí wọ́n ń lò: kí ni ìjọba fẹ́ fi òfin yìí ṣe, ṣé ó ń dín ikú kù, ṣé ìnira tó ń kó bá ẹ̀tọ́ ènìyàn kò pọ̀ jù? Ìpínlẹ̀ á kó àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá àti ti ilé ìwòsàn wá, ọ̀mọ̀wé á jẹ́rìí, adájọ́ á sì ní ó dára bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ 23, oṣù Kẹfà, ọdún 2022 ni wọ́n fọ́ òṣùwọ̀n yẹn.

Ẹjọ́ náà ti New York wá, Bruen ni wọ́n ń pè é. Láti ohun tó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún ni ẹni tó bá fẹ́ gbé ìbọn pélébé jáde ní New York ti ní láti fi hàn pé òun ní ìdí pàtàkì tó yàtọ̀ sí ti ará ìlú yòókù. Ẹ̀rù olè lásán kò tó. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń pinnu, tí inú rẹ̀ kò bá sì dùn sí ọ, ó parí. Ọkùnrin méjì láti apá òkè ìpínlẹ̀ náà béèrè, ọ̀kan nínú wọn ní olè ń jà ládùúgbò òun, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ìbọn wọn ṣọdẹ kí wọ́n sì máa fi kọ́ ìtafà ìbọn, ó tán. Mẹ́fà sí mẹ́ta ni ilé ẹjọ́ fi wó òfin náà. Clarence Thomas, adájọ́ aláwọ̀ dúdú tó ti wà níbẹ̀ láti ọdún 1991, ló kọ ọ́. Ó ní kò sí ẹ̀tọ́ mìíràn nínú ìwé òfin tí ènìyàn ní láti lọ bẹ òṣìṣẹ́ ìjọba fún, kó máa ṣàlàyé ìdí tó fi nílò rẹ̀.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ ló mọ, ìpínlẹ̀ mẹ́fà ló kàn: New York, New Jersey, Maryland, Massachusetts, California àti Hawaii, pẹ̀lú ìlú Washington. Àwọn yòókù kì í béèrè ìdí tẹ́lẹ̀. Ohun tó mì ilẹ̀ ni ìbéèrè tuntun tí Thomas gbé lé àwọn adájọ́ lọ́wọ́. Ó ní kí wọ́n dẹ́kun fífi àǹfààní àti ìnira wéra lórí òṣùwọ̀n. Bí ohun tí ènìyàn fẹ́ ṣe bá ti wà lábẹ́ ọ̀rọ̀ Àtúnṣe Kejì, ìjọba ló gbọ́dọ̀ fi hàn pé òfin òun bá ìṣe àtijọ́ orílẹ̀-èdè náà mu. Kí ìpínlẹ̀ lọ sínú ìwé àtijọ́, ti ayé ọdún 1791 tàbí ti nǹkan bí ọdún 1868, kó lọ mú òfin tó jọ tirẹ̀ jáde. Ní ọ̀rọ̀ tiwa: òfin yìí, ta ni baba rẹ̀?

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ìpínlẹ̀ lè ní òfin tó mọ́gbọ́n dání, kó ní ìwádìí, kó ní ìbò ará ìlú lẹ́yìn, àkísà ni ilé ẹjọ́ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì wò ó: òfin ìbọn New York ti wà láti ọdún 1911. Lójú Thomas, ọmọdé ni.

Ìdájọ́ náà bọ́ sí ìgbà tí ojú ọgbẹ́ ṣì tutù. Ní oṣù tó ṣáájú, ọmọkùnrin kan pa ènìyàn dúdú mẹ́wàá ní ilé ìtajà kan ní Buffalo, ní New York yìí kan náà, ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn rẹ̀ ni òmíràn pa ọmọ ilé ìwé 19 àti olùkọ́ méjì ní Uvalde, Texas. Stephen Breyer, tí kò fara mọ́ ìdájọ́ náà, fi iye bẹ̀rẹ̀ ìwé tirẹ̀: ènìyàn 45,222 ni ìbọn pa ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2020. Samuel Alito dá a lóhùn pé kí ni ìyẹn kan ẹjọ́ tó wà níwájú wọn, ó ní òfin New York tí wọ́n ń jà fún yẹn, ṣé ó dá apààyàn Buffalo dúró? Ìdáhùn méjèèjì ní ìwọ̀n tiwọn, ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí pé lábẹ́ ìlànà tuntun, iye tí Breyer kà yẹn kò ní ibi tí wọ́n máa kọ ọ́ sí mọ́. Èmi rò pé ohun tó burú jù nínú ìlànà náà nìyẹn.

Brett Kavanaugh, pẹ̀lú olórí adájọ́ John Roberts, fi ìwé kékeré kan kún un pé ìwé àṣẹ fúnra rẹ̀ kò kú o. Ìpínlẹ̀ ṣì lè ní kí ènìyàn tẹ ìka, kí wọ́n yẹ ìtàn rẹ̀ àti ìlera ọpọlọ rẹ̀ wò, kó kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ohun tí òṣìṣẹ́ kò lè ṣe mọ́ ni pé kó wo ojú olùbéèrè kó ní òun kò fún un.

New York kò jókòó. Ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn ìdájọ́, ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Keje, Gómìnà Kathy Hochul buwọ́ lu òfin tuntun. Ó dára, wọ́n ní, gbogbo ẹni tó bá yege lè gba ìwé àṣẹ. Àmọ́ kó kọ́kọ́ jókòó ní kíláàsì fún wákàtí 16, kó yìnbọn fún wákàtí méjì, kó mú orúkọ gbogbo ojú ìwé rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti ọdún mẹ́ta wá. Lẹ́yìn náà, kó má gbé ìbọn náà dé Times Square, kó má gbé e wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, páákì, ilé ìwòsàn, ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí, ilé ọtí. Àti ilé ìtajà tàbí ilé ẹnikẹ́ni, àfi bí ẹni tó ni ín bá fi ọ̀rọ̀ síta pé òun gbà. Ilé ẹjọ́ ṣílẹ̀kùn, ìpínlẹ̀ sì to àpótí dí ẹnu ọ̀nà. New Jersey, Maryland, California àti Hawaii ṣe irú tiwọn.

Ibí ni ó yẹ ká ti mọ bí ìdájọ́ ṣe ń pa òfin. Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ kì í ka ìwé òfin ìpínlẹ̀ kó máa fi bírò pa á rẹ́ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ìdájọ́ Bruen pa ohun kan ṣoṣo ní tààràtà. Àwọn òfin yòókù wà láàyè títí ẹnì kan yóò fi pẹjọ́ lòdì sí wọn níkọ̀ọ̀kan, tí adájọ́ àpapọ̀ ní ìsàlẹ̀ yóò fi sọ pé kí wọ́n dáwọ́ dúró, tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àgbègbè yóò sì fi fọwọ́ sí i tàbí kó yí i. Ohun tí ilé ẹjọ́ àgbègbè Texas bá sọ kò de New York. Fún òfin Hochul yìí, adájọ́ ìsàlẹ̀ dá púpọ̀ nínú rẹ̀ dúró kí ọdún 2022 tó parí, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn tún ní kó ṣì máa ṣiṣẹ́ ná. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2023 ni wọ́n sọ tiwọn: páákì dúró, ọgbà ẹranko dúró, ilé ọtí dúró. Ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì kò dúró. Ìlànà tó lé ìbọn kúrò ní gbogbo ilé ìtajà tí ẹni tó ni ín kò ti sọ̀rọ̀, òun náà kò dúró. Wọ́n gbé e dé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Washington, Washington dá a padà pé kí wọ́n tún un wò, wọ́n tún un wò, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un, ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 Washington sì ní òun kò gbọ́ ọ mọ́. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ọdún mẹ́ta lórí òfin kan. Láàárín àkókò yẹn, ará ìlú tó ní ìbọn lábẹ́ aṣọ gbọ́dọ̀ máa ka ìròyìn kó tó jáde.

Ohun tó kó àwọn adájọ́ ìsàlẹ̀ sí ìdààmú ni pé wọn kì í ṣe òpìtàn. Ọ̀kan rí òfin ọba Gẹ̀ẹ́sì ti ọdún 1328 gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, èkejì ní ó ti pẹ́ jù. Ìyẹn ló bí ẹjọ́ Rahimi. Rahimi, ọkùnrin kan ní Texas, lu obìnrin tó bímọ fún un, ilé ẹjọ́ sì kọ ìwé pé kó má sún mọ́ ọn. Òfin àpapọ̀ ní ẹni tí irú ìwé bẹ́ẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ìbọn. Rahimi ní in, ó sì ń yìn ín káàkiri. Lọ́jọ́ kan ó yìn ín sókè ní ilé oúnjẹ kan nítorí pé wọn kò gba káàdì báǹkì ọ̀rẹ́ rẹ̀. Síbẹ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbè é ní ọdún 2023, wọ́n ní ní ayé ọdún 1791 kò sí òfin tó ń gba ìbọn lọ́wọ́ ẹni tó ń lu obìnrin ilé rẹ̀. Òótọ́ ni, kò sí. Ní ayé yẹn, ta ló ka lílu ìyàwó sí ẹ̀ṣẹ̀?

Ní ọjọ́ 21, oṣù Kẹfà, ọdún 2024, mẹ́jọ sí ẹyọ kan, wọ́n yí i padà. Thomas nìkan ló dá dúró, òun tó kọ Bruen. Roberts ṣàlàyé pé kò di dandan kí òfin òde òní jẹ́ ìbejì òfin àtijọ́, kí ìlànà tó wà nínú àwọn méjèèjì bára mu ti tó. Láyé àtijọ́ wọ́n máa ń ní kí ẹni tí wọ́n ń bẹ̀rù ìwà rẹ̀ wá fi owó dúró pé òun kò ní dá wàhálà sílẹ̀, wọ́n sì ń jẹ ẹni tó ń fi ohun ìjà dẹ́rù ba ará ìlú níyà. Ọ̀nà kan náà ni, ó ní, ẹni tó ti hàn gbangba pé ó jẹ́ ewu fún ẹlòmíràn lè kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn fúngbà díẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni ọkàn àwọn agbẹjọ́rò ìpínlẹ̀ ti balẹ̀ díẹ̀. Wọn kò wá ojú baba mọ́, wọ́n ń wá ìwà rẹ̀.

Hawaii wá ló mú èyí tó gbóná jù wá. Òfin ibẹ̀ ti ọdún 2023 ní ẹni tó gbé ìbọn kò gbọdọ̀ wọ ilé ìtajà tàbí ilé oúnjẹ ẹnikẹ́ni àfi bí onílé bá gbà á láàyè. Àwọn alátakò ń pè é ní òfin vampire, nítorí nínú ìtàn òyìnbó vampire, òkú tó ń mu ẹ̀jẹ̀ ènìyàn, kì í wọlé bí wọn kò bá pè é wọlé. Ní ilẹ̀ wa à ń kágò ká tó wọlé onílé. Ohun tí Hawaii wí kò ju pé kí ìbọn náà kágò. Irú òfin tí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn wó ní New York nìyẹn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ti ìwọ̀ oòrùn ní ti Hawaii dára ní ọdún 2024. Àgbègbè méjì, ìdáhùn méjì. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Washington gbà láti gbọ́ ẹjọ́ náà, Wolford lorúkọ rẹ̀, wọ́n sì gbọ́ àròyé rẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2026.

Wọ́n ní kí Hawaii mú baba òfin rẹ̀ wá. Nínú ohun tí wọ́n mú wá ni òfin New Jersey kan ti ọdún 1771, àti òfin Louisiana ti ọdún 1865 tó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé ìbọn wọ oko tàbí ọgbà ẹlòmíràn láìgbàṣẹ. Ọdún 1865. Louisiana. Ẹ rántí pé mo ní kí ẹ fi nǹkan kan sọ́kàn. Ara òfin tí wọ́n fi de àwọn ẹrú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀ ni, àwọn tó jẹ́ pé orí ilẹ̀ olówó wọn àná ni wọ́n ṣì ń gbé. Ohun tí Àtúnṣe Kẹrìnlá wá pa, tí Otis McDonald fi borí ní Chicago, òun ni ìpínlẹ̀ kan ń gbé wá gẹ́gẹ́ bí àṣà orílẹ̀-èdè. Níwájú ilé ẹjọ́, Neil Gorsuch bi wọ́n léèrè bí wọ́n ṣe lè máa fi irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe ẹ̀rí. Ketanji Brown Jackson, obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ lórí àga yẹn, wá láti apá kejì: bó bá jẹ́ ìtàn lẹ ní ká wò, báwo lẹ ṣe máa yọ èyí tó burú kúrò nínú rẹ̀?

Ìbéèrè Jackson yẹn ló dà bíi pé kò ní ìdáhùn. Ẹni tó bá ní kí a lọ wo àpótí àwọn baba, kò lè bínú bí a bá bá pàṣán níbẹ̀.

Àwọn ibi tí ìdájọ́ kò tíì dé pọ̀. Ìpínlẹ̀ bíi mẹ́wàá ló fòfin de ìbọn irú AR-15, ìbọn gígùn tó jọ ti ológun. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2025, ilé ẹjọ́ kọ̀ láti gbọ́ ẹjọ́ lórí ti Maryland, òfin náà sì dúró. Kavanaugh sọ nígbà náà pé ó yẹ kí wọ́n gbọ́ irú ẹjọ́ yìí láìpẹ́. Lórí ọjọ́ orí, ilé ẹjọ́ àgbègbè kan ní ọmọ ọdún 18 lè ra ìbọn pélébé lọ́wọ́ oníṣòwò, òmíràn ní kò lè rà á, méjèèjì ní ọdún 2025 kan náà. Àwọn ènìyàn sì máa ń gbé ẹ̀bi tàbí ìyìn tí kì í ṣe ti ilé ẹjọ́ fún un. Ìpínlẹ̀ 29 tó ti ní kí ará ìlú máa gbé ìbọn pélébé láìgba ìwé àṣẹ, àwọn aṣòfin wọn ló ṣe é. Ìdájọ́ lórí Àtúnṣe Kejì ń sọ ibi tí ìpínlẹ̀ kò gbọdọ̀ le kọjá. Kò ní kí ẹnikẹ́ni má dẹ̀. Bákan náà ni ìdájọ́ oṣù Kẹfà ọdún 2024 lórí ohun èlò tó ń jẹ́ kí ìbọn máa ta kíkan-kíkan, èyí tí apààyàn Las Vegas lò ní ọdún 2017: ìtumọ̀ òfin àpapọ̀ ni wọ́n ń wá níbẹ̀, ìpínlẹ̀ tó bá ti fòfin tirẹ̀ dè é, ti wọn ṣì wà.

Fún àwọn ará wa ní Houston, Atlanta, Maryland tàbí Bronx, ohun mẹ́ta kan wà tí ariwo ẹjọ́ máa ń bò mọ́lẹ̀. Ẹni tó ní green card lè ra ìbọn, ṣùgbọ́n ẹni tó wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́ tàbí ti àbẹ̀wò kò lè ní in lábẹ́ òfin àpapọ̀, àfi ní àwọn ààyè díẹ̀ bíi ti ẹni tó gba ìwé àṣẹ ọdẹ. Igbó tí New York àti Maryland ti gbà láàyè, òfin àpapọ̀ kò gbà á, ẹni tó ń mu ún tó sì ní ìbọn ń fi ẹ̀wọ̀n ṣeré. Ẹjọ́ ọkùnrin kan láti Texas lórí èyí wà lára àwọn tí Washington gbà láti gbọ́ ní oṣù Kẹwàá ọdún 2025.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀ ẹnubodè. Òfin àpapọ̀ ti ọdún 1986 gba ẹni tó ń rìnrìn àjò kọjá láàyè pé kó gbé ìbọn, bó bá ti yọ ọta rẹ̀, tó sì tì í mọ́ inú búùtù, tí ibi tó ti ń bọ̀ àti ibi tó ń lọ sì gbà á. Kò kọjá bẹ́ẹ̀. Bruen kò sọ pé ìpínlẹ̀ kan gbọ́dọ̀ mọ ìwé àṣẹ ìpínlẹ̀ kejì. Bí ìyá Philadelphia yẹn bá tún wakọ̀ lónìí, ohun tó ti yàtọ̀ ni pé ó lè lọ béèrè ìwé àṣẹ ti New Jersey fúnra rẹ̀, wọn kò sì lè ní kó kọ́kọ́ sọ ìdí tó fi fẹ́ ẹ. Ti Pennsylvania tó wà nínú báàgì rẹ̀ kò tíì kọjá afárá.